AUI: kí ni àwọn píìnì 15 yẹn ń ṣe lẹ́yìn rọ́tà àti kọ̀ǹpútà àtijọ́?

Ẹni tó bá ra rọ́tà àtijọ́ (ẹ̀rọ tó ń so nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan mọ́ òmíràn) bíi Cisco 2501 láti fi kọ́ iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì yóò rí ohun kan tó máa rú u lójú. Yóò yí ẹ̀yìn rọ́tà náà síwájú, yóò máa wá ibi tí wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń wọ̀. Ihò kékeré méjì wà níbẹ̀ lóòótọ́ tó jọ ti kọ̀ǹpútà òde òní, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tó jẹ́ ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Console ni ọ̀kan, AUX ni èkejì. Ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì gan-an ni ihò fífẹ̀ kan tó ní ojú 15, tí wọ́n kọ AUI sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bó bá wá àlàyé kiri, àtẹ nọ́ńbà ni yóò bá pàdé: 1 jẹ́ ìbòrí, 2 jẹ́ Control In A, 3 jẹ́ Data Out A, títí dé 15. Àtẹ náà kò parọ́, àmọ́ ẹni tó ti mọ iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀ nìkan ló lè yé.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ́wọ́ kí a tó wọ inú ọ̀rọ̀ ni pé kì í ṣe iṣẹ́ 15 ló wà nínú ihò yẹn. Iṣẹ́ mẹ́rin ló wà níbẹ̀ tó jọjú, wáyà méjì-méjì ló sì ń ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ààbò ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìyókù. Tí ẹ bá ti mọ àwọn méjì-méjì náà, tí ẹ sì mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àti ẹni tó ń gbọ́, àtẹ yẹn á dẹ̀rọ̀.

Kí ni píìnì, kí sì ni AUI?

Píìnì ni irin tín-ín-rín tó yọ síta lára orí wáyà. Orí wáyà tí píìnì rẹ̀ yọ síta ni a ń pè ní akọ, èyí tó ní ojú ihò ni abo. Akọ ń wọ inú abo, píìnì kìíní á kan ojú kìíní, ìkejì á kan ìkejì.

AUI ni orúkọ tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tó ń jẹ́ IEEE fún ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi ń bá ẹ̀rọ kékeré kan tó ń jẹ́ transceiver sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ transceiver ni láti gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà, kó gbé e sórí wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kó sì gba èyí tó ń bọ̀ láti orí wáyà náà padà fún kọ̀ǹpútà.

Lára àwọn káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan, DIX ni ẹ máa rí dípò AUI. Ihò kan náà ni. Digital, Intel àti Xerox, àwọn iléeṣẹ́ mẹ́ta tó jọ gbé ìlànà Ethernet, ìyẹn ọ̀nà tí àwọn kọ̀ǹpútà fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ lórí wáyà, jáde ní ọdún 1980, ni lẹ́tà mẹ́ta yẹn dúró fún. Ethernet fúnra rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní 1973 ní ilé ìwádìí Xerox ní Palo Alto ní California, níbi tí Robert Metcalfe àti David Boggs ti ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Nígbà tó di 1983, IEEE fọwọ́ sí ìlànà tiwọn, orúkọ AUI ló sì wà nínú ìyẹn.

Kí ló dé tí wọn ò kúkú ki wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì bọ kọ̀ǹpútà tààrà?

Wáyà ìgbà náà ò ṣeé kì bọ ibì kankan ni. Wáyà Ethernet àkọ́kọ́ nípọn tó ìka ọwọ́, ó le, kò ṣeé tẹ̀ bó ṣe wu èèyàn, àwọ̀ rẹ̀ sì sábà máa ń jẹ́ ìyeyè. Òkè àjà tàbí abẹ́ ilẹ̀ pákó ni wọ́n máa ń tẹ́ ẹ gbà yí ọ́fíìsì ká. Ẹyọ wáyà kan lè gùn tó mítà 500, transceiver 100 sì lè wà lórí rẹ̀. Wọ́n sàmì sí ara rẹ̀ ní mítà méjì àbọ̀, méjì àbọ̀, ibi àmì yẹn ni wọ́n ti ń de transceiver mọ́ ọn. Abẹ́rẹ́ kan lára ohun tí wọ́n fi dè é á gún wáyà náà wọnú títí yóò fi kan bàbà tó wà láàárín, láìgé wáyà, láìdá iṣẹ́ àwọn tó kù dúró.

Òkè àjà ni transceiver wà, kọ̀ǹpútà wà lórí tábìlì nísàlẹ̀. Wáyà AUI ló so àwọn méjèèjì pọ̀. Òun lè gùn tó mítà 50, ó sì rọrùn láti tẹ́ ju wáyà ìyeyè yẹn lọ.

Mo ka ètò yìí sí ọgbọ́n ńlá. Kọ̀ǹpútà ò mọ irú wáyà tó wà lókè, transceiver nìkan ló mọ̀. Nígbà tí wáyà tín-ín-rín dé, tí wáyà aláṣepọ̀ onírú tẹlifóònù tún dé ní 1990 lábẹ́ orúkọ 10BASE-T, tí èyí tó ń fi ìmọ́lẹ̀ ránṣẹ́ náà wà ńlẹ̀, kò sí ìdí láti pààrọ̀ kọ̀ǹpútà tàbí rọ́tà. Ẹ kàn yọ transceiver kan, ẹ fi òmíràn sí i. Ìdí nìyẹn tí ihò AUI fi pẹ́ lẹ́yìn rọ́tà tó bẹ́ẹ̀, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tiẹ̀ tẹ́ wáyà ìyeyè mọ́.

Ihò mìíràn wo ló jọ ọ́?

Mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Ihò VGA tí wọ́n ń so mọ́ ojú kọ̀ǹpútà náà ní ojú 15, àmọ́ ìlà mẹ́ta ni tirẹ̀, márùn-ún márùn-ún, ó sì kéré ju AUI lọ. AUI ní ìlà méjì: mẹ́jọ lókè, méje nísàlẹ̀. Ìyẹn ò lè ṣini lọ́nà tí èèyàn bá fara balẹ̀ wò ó.

Àwọn méjì tó kù ló léwu. Ihò tí wọ́n ń ki joystick bọ̀ lára kọ̀ǹpútà àtijọ́, àti ihò ojú kọ̀ǹpútà lára Macintosh ìgbà kan, ìrísí kan náà gẹ́lẹ́ ni wọ́n àti AUI: ojú 15, ìlà méjì, irin kan náà yí i ká. Orí wáyà AUI á wọ inú wọn. Ṣùgbọ́n ojú kìíní lára ihò joystick ni iná 5V ti ń jáde, bẹ́ẹ̀ ìbòrí wáyà ni píìnì kìíní AUI. Ẹ ò ní fẹ́ kí àwọn méjèèjì pàdé.

Ohun tí ẹ fi máa dá AUI mọ̀ ni irin pẹlẹbẹ kan tó ń sún lọ sún bọ̀ lójú ihò rẹ̀. Àwọn yòókù ń lo ìdè oníbóòtù ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Lára AUI, orí wáyà ní ìṣó kékeré méjì tó yọ síta, ẹ ó kì í bọ inú irin pẹlẹbẹ náà, ẹ ó wá sún irin náà kó fi mú wọn. Ìdè náà ò lágbára tó ti oníbóòtù rárá. Wáyà tó wúwo máa ń fà á títí á fi tú, ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì jẹ́ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí wọ́n ní ó bàjẹ́, orí wáyà tó yẹ̀ díẹ̀ ni.

Àwọn oníṣẹ́ máa ń pe ihò yìí ní DB-15. DA-15 lorúkọ rẹ̀ gan-an, nítorí lẹ́tà kejì ló ń sọ bí irin tó yí i ká ṣe tóbi tó. Ẹ máa rí orúkọ méjèèjì níbi tí wọ́n ti ń tà á, ẹ̀yà kan náà ni wọ́n ń sọ.

Báwo la ṣe ń ka nọ́ńbà rẹ̀?

Ẹ gbé apá tó fẹ̀ sókè. Tó bá jẹ́ akọ lẹ kọjú sí, òsì lókè ni 1 wà, ẹ ó máa kà lọ sí ọ̀tún dé 8. Ẹ padà sí òsì nísàlẹ̀, 9 nìyẹn, ẹ kà lọ sí ọ̀tún dé 15. Tó bá jẹ́ abo, ẹ yí i padà: ọ̀tún lókè ni 1 wà, òsì ni ẹ máa kà lọ.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Wọ́n á wo àwòrán akọ, wọ́n á máa fi ka ojú abo tó wà lẹ́yìn rọ́tà. Kí ẹ tó fi nǹkan kan kan ojú ihò, ẹ wo ike inú rẹ̀ dáadáa pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Wọ́n sábà máa ń kọ nọ́ńbà wínníwínní sí ẹ̀gbẹ́ ojú kọ̀ọ̀kan.

Lára kọ̀ǹpútà àti rọ́tà, abo ni ihò AUI. Lára transceiver, akọ ni. Nítorí náà wáyà AUI ní akọ lápá kan, abo lápá kejì, ẹ ò sì lè yí i sódì.

Kí nìdí tó fi jẹ́ wáyà méjì ló ń ṣe iṣẹ́ kan?

Wáyà tó gùn tó mítà 50 máa ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà iná, ẹ̀rọ amúlétutù, jẹnẹrétọ̀ àti iná onígbọọrọ. Gbogbo wọn ló ń da nǹkan sí i lára. Bó bá jẹ́ wáyà kan ṣoṣo ló gbé ọ̀rọ̀, ẹni tó ń gbọ́ níwájú ò ní mọ èyí tó jẹ́ ọ̀rọ̀ àti èyí tó jẹ́ ariwo iná.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lo méjì, A àti B. Bí A bá gòkè, B á lọ sílẹ̀, bí A bá lọ sílẹ̀, B á gòkè. Ẹni tó ń gbọ́ kì í wo bí ọ̀kan ṣe ga tó. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì ló ń wò. Ẹ fi ojú ọmọ méjì tó dúró lórí bẹ́ǹṣì kan wò ó: bí ẹ bá gbé bẹ́ǹṣì náà sókè, àwọn méjèèjì ló máa gòkè, ìyàtọ̀ gíga wọn ò ní yí padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ariwo iná ṣe ń kan A àti B pọ̀, nítorí wọ́n lọ́ wọn mọ́ra, ìyàtọ̀ tó jẹ́ ọ̀rọ̀ á sì wà bó ṣe wà.

Bí a ṣe ń rántí wọn rọrùn. Ẹ mú nọ́ńbà A, ẹ fi 7 kún un, ẹ ti dé B: 2 àti 9, 3 àti 10, 5 àti 12. Iná náà tẹ̀lé e, 6 àti 13. Ẹ wo ojú ihò náà dáadáa, ẹ máa rí i pé àwọn tó jọ ń ṣiṣẹ́ kan náà ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀.

Ta ló ń sọ̀rọ̀, ta ló ń gbọ́?

Data Out ni 3 àti 10, Data In ni 5 àti 12. Èèyàn lè béèrè pé ìjáde láti ibo, ìwọlé sí ibo? Ojú kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi sọ gbogbo rẹ̀. Data Out ni ọ̀rọ̀ tó ń jáde láti inú kọ̀ǹpútà lọ sí transceiver, Data In ni èyí tó ń wọ kọ̀ǹpútà láti ibẹ̀. Transceiver tí ẹ dì mú lọ́wọ́ ní 3 àti 10 tí wọ́n pè ní Data Out, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ló ti ń gbọ́ràn. Ẹni tó bá rò pé òun gbọ́dọ̀ yí wọn padà láàárín ọ̀nà yóò ba wáyà jẹ́. Tààrà ni wáyà AUI: 3 sí 3, 10 sí 10, 5 sí 5, 12 sí 12, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Wáyà òde òní ló kọ́ àwọn èèyàn ní ìyípadà yẹn. Nínú 10BASE-T, kọ̀ǹpútà ń sọ̀rọ̀ lórí 1 àti 2, ó ń gbọ́ lórí 3 àti 6, tí ẹ bá sì fẹ́ so kọ̀ǹpútà méjì pọ̀ tààrà, ẹ gbọ́dọ̀ yí wọn padà, àyàfi tí ẹ̀rọ náà bá lè yí i fúnra rẹ̀. AUI ò ní irú èyí, torí kì í so kọ̀ǹpútà pọ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà àti transceiver ló ń so pọ̀.

Kí ni Control In, 2 àti 9?

Èyí ló ṣòro jù lọ, òun náà ló sì dùn jù láti mọ̀.

Lórí wáyà ìyeyè yẹn, gbogbo kọ̀ǹpútà ló pín ọ̀nà kan lò. Bí ọ̀kan bá fẹ́ sọ̀rọ̀, á kọ́kọ́ gbọ́ bóyá ẹnì kan ń sọ̀rọ̀. Bí ọ̀nà bá dákẹ́, á bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n wáyà gùn, ọ̀rọ̀ sì gba àkókò díẹ̀ kó tó dé òpin rẹ̀. Kọ̀ǹpútà méjì lè gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ kan náà, kí wọ́n sì jọ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjèèjì á kọlu ara wọn, kò sí èyí tó máa yéni mọ́.

Transceiver ló ń rí ìkọlù yẹn, nítorí òun ló wà lórí wáyà. Bó bá ti rí i, á fi àmì kan tó ń lọ sókè sódò ní 10 MHz ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà gba orí 2 àti 9. Kọ̀ǹpútà á dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ dúró, á dúró fún àkókò tí kò ṣeé mọ̀ ṣáájú, kí òun àti èkejì má baà tún jọ bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà á gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i. Bó bá gbìyànjú ìgbà 16 tí kò rí i ṣe, á jáwọ́.

Ọ̀nà kan náà ni transceiver ń gbà kìlọ̀ fún kọ̀ǹpútà tó ya wèrè, tó ń sọ̀rọ̀ láìdákẹ́. Á gé e kúrò lórí wáyà kí àwọn yòókù lè ráyè sọ̀rọ̀, á sì máa fi àmì yẹn ránṣẹ́ sí i.

Ohun kan wà níbí tó ti da ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ láàmú. Báwo ni kọ̀ǹpútà ṣe máa mọ̀ pé 2 àti 9 ṣì ń ṣiṣẹ́, nígbà tí kò bá sí ìkọlù kankan? Wọ́n ṣe é kí transceiver máa fi àmì kékeré kan ránṣẹ́ gba ibẹ̀ kété tí kọ̀ǹpútà bá parí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń sọ pé mo wà níbí. SQE test lorúkọ rẹ̀. Kò sí wàhálà níbẹ̀ fún kọ̀ǹpútà. Àmọ́ tó bá jẹ́ repeater, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń so wáyà méjì pọ̀ kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè gùn sí i, ni ẹ so transceiver mọ́, repeater á rò pé ìkọlù gidi ni àmì náà. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì á máa falẹ̀, kò ní sí ẹni tó mọ ìdí. Suwíìṣì kékeré tí wọ́n kọ SQE sí lára ọ̀pọ̀ transceiver, ohun tó wà fún nìyẹn: ẹ pa á tó bá jẹ́ repeater ló so mọ́.

Iná ńkọ́?

Transceiver tó wà lókè àjà ò ní ibi tó ti máa rí iná mìíràn, kọ̀ǹpútà ló ń fún un. 13 ló gbé 12V wá, 6 ló sì ń dá a padà. Ó lè gbà tó ìdajì ampere. Iná yìí ò lè pa èèyàn, àmọ́ ó tó láti jó ẹ̀rọ. Bí irin kan bá so 13 àti 6 pọ̀ láàárín wáyà, á gbóná, tàbí kí fíùsì inú ẹ̀rọ tó bá ní in já.

Àwọn tó kù

1, 4, 8, 11 àti 14 jẹ́ ti ìbòrí: bébà irin tí wọ́n fi wé wáyà méjì-méjì kọ̀ọ̀kan kí ariwo iná má baà wọlé, kí ọ̀rọ̀ ọ̀kan má sì jo sínú èkejì. Irin tó yí orí wáyà náà ká ni ti ilẹ̀, tí àwọn oníná ń pè ní earth. 7 àti 15 ni Control Out. Wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ kí kọ̀ǹpútà lè máa pàṣẹ fún transceiver, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó lò wọ́n ṣọ̀wọ́n, nínú ọ̀pọ̀ wáyà kò sí nǹkan kan lórí wọn. Àwọn nìkan ni kò tẹ̀lé òfin ìfi-7-kún yẹn.

Báwo ni mo ṣe máa so rọ́tà oní-AUI mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì òní?

Ẹ ra transceiver AUI sí 10BASE-T. Àpótí kékeré ni, akọ onípíìnì 15 wà lápá kan, ihò RJ45, irú èyí tó wà lára kọ̀ǹpútà òde òní, wà lápá kejì. Ẹ kì í bọ ihò náà, ẹ sún irin pẹlẹbẹ kó mú un, ẹ ki wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ẹ mọ̀ bọ apá kejì.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbìyànjú láti fi wáyà lásán so AUI mọ́ RJ45, bó ti wù kí àtẹ nọ́ńbà jẹ́ kó dà bí ohun tó ṣeé ṣe. Data Out méjì sí 1 àti 2, Data In méjì sí 3 àti 6, ó dà bíi pé ó pé. Kò lè ṣiṣẹ́. Agbára iná tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ yàtọ̀, 10BASE-T sì ń retí àmì tí apá kejì máa ń fi ránṣẹ́ lóòrèkóòrè láti fi hàn pé ó wà láàyè. Transceiver ló ń ṣe ìyẹn, rọ́tà ò mọ̀ ọ́n ṣe. Òun náà ló ń mọ̀ bí ìkọlù bá ṣẹlẹ̀, tó ń gbé e fún 2 àti 9.

Ní ti switch, ìyẹn àpótí tó ń so àwọn ẹ̀rọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì pọ̀, tí ẹ máa so ó mọ́, ẹ rí i pé ó ṣì ń gba eré 10 megabit ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Púpọ̀ nínú àwọn ti gigabit ń gbà á, àwọn tuntun kan ti yọ ọ́ kúrò. Ẹ má fi dandan mú switch náà láti máa sọ kó sì máa gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí Cisco 2501 ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó yàn fúnra rẹ̀.

Bí iná ara transceiver ò bá tàn, ẹ kọ́kọ́ ti orí rẹ̀ wọlé dáadáa, kí ẹ sì tún irin tó ń sún náà wò. Bí kò bá tàn síbẹ̀, ẹ yọ ọ́, ẹ gbé mítà oníná, kí ẹ fi í sí DC. Ẹ kọjú sí abo tó wà lẹ́yìn rọ́tà, kí apá tó fẹ̀ wà lókè. Ẹ ka ojú mẹ́ta láti òsì lókè, 6 nìyẹn, ẹ fi ẹnu mítà dúdú kàn án. Ẹ ka mẹ́ta láti òsì nísàlẹ̀, 13 nìyẹn, ẹ fi ẹnu pupa kàn án, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnu méjèèjì kan ara wọn. Bí mítà bá sọ nǹkan bíi 12V, rọ́tà yín ń fúnni níná, transceiver tàbí wáyà ni kí ẹ pààrọ̀. Bí kò bá sọ nǹkan kan, inú rọ́tà ni àìsàn wà.